Ikú Alága Àwọn Agbẹ̀bí

Òkú Àlàájà Kúlúsúmù Ọláníyan ṣì wà lórí àga nígbà tí Inspẹ́kítọ̀ Ọ̀ṣuntóyìn Fátókun wọlé. Òkú náà dojú bo tábìlì bí ẹni tí oorun gbé lọ nídìí iṣẹ́. Ìgò málítì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ohun tó kù nínú rẹ̀ ò tó nǹkan. Páálí oògùn oorun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò náà, kò sí ẹyọ kan nínú rẹ̀ mọ́. Òjò ń rọ̀ lórí páànù ilé ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, ẹ̀ka Ẹdẹ, ní Òkè Gàdà, ariwo rẹ̀ sì pọ̀ débi pé èèyàn ní láti gbóhùn sókè kí ẹni tó dúró tì í tó gbọ́.

"Màdáámù, eléyìí ò le," ni Sájẹ́ǹtì Jibril wí. "Obìnrin yìí ló para ẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà níta ló ń sọ pé ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí aláboyún yẹn ti kú ní Ṣẹ́kọ́nà. Òun ni alága wọn, orí ẹ̀ ni gbogbo wàhálà ọ̀hún wà."

Ọ̀ṣuntóyìn kọ́kọ́ wo yàrá náà yí ká. Ọmọ ìlú Alájùé ni, láti ilé àwọn olóòṣà tó ń dáko. Ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, ohun tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì fi ń bú u náà ni wọ́n fi ń yìn ín: kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó yí tábìlì ká. Ó wo èékánná òkú, ó wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹjú mọ́ híjáábù funfun tó bo obìnrin náà láti orí dé èjìká.

"Jibril, ìyàwó ẹ máa ń wọ irú eléyìí, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ibo ni ojú rírán ẹ̀ máa ń wà?"

Jibril sún mọ́ ọn. Ojú rírán híjáábù náà wà lóde gbangba, òwú ẹnu rẹ̀ ń yọ. "Inú ló yẹ kó wà, mà. Wọ́n wọ̀ ọ́ fún un sódì ni."

"O ò gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ẹ? Wọ́n wọ̀ ọ́ fún un."

Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó rọra ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ náà. Ìpàkọ́ Àlàájà ti wú, ibi tó wú ọ̀hún kún ọwọ́. Ọ̀ṣuntóyìn nàró, ó yíjú wo ẹ̀yìn àga. Kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan wà níbẹ̀. Eruku bò ó láti òkè délẹ̀, àfi igun kan tó ń dán bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi nù ún.

Jibril náà rí i. Kò tún sọ pé ọ̀rọ̀ náà ò le mọ́.

*

Ẹ̀gbọ́n òkú, Alájì Ahmad Ọláníyan, ń dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àgbàlagbà ọlọ́jà ni, ó ti pẹ́ tó ti ń tajà ní Ẹdẹ.

"Ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé àbúrò mi lọ. Àwa kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀."

"Mo mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò wọ́n."

Ó fa Ọ̀ṣuntóyìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Wọ́n ti gbé e káàkiri ìlú pé ó para ẹ̀. Lèmọ́ọ̀mù àdúgbò wa ti ránṣẹ́ sí mi pé bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun ò ní lè ṣíwájú ìrun ẹ̀." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Obìnrin tó gbẹ̀bí ìdajì àwọn ọmọ tó wà ládùúgbò yẹn. Ta ló máa kírun sí i lára?"

Zulfah, ọmọ kan ṣoṣo tí Àlàájà bí, wà lórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí lòun náà wà. Kò sunkún. Ńṣe ló kàn ń wo ẹnu ọ̀nà yàrá náà.

"Wọ́n ní ẹ rí málítì níwájú wọn," ló wí.

"A rí i."

"Ìyá mi ò mu ún. Ààwẹ̀ ni wọ́n gbà lónìí."

Ọ̀ṣuntóyìn jókòó tì í. "Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Wọ́n ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń gbààwẹ̀."

"Ìyẹn ni gbogbo ayé mọ̀. Ṣùgbọ́n ààwẹ̀ mẹ́fà ẹ̀yìn ọdún Ìtúnu ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́, wọ́n sì fẹ́ gbà á léra wọn ni. Èmi àti wọn la jọ jẹ sààrì láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní kí n má gbàgbé láti rẹ ẹ̀wà sílẹ̀ de ìrọ̀lẹ́." Ó yíjú sí Ọ̀ṣuntóyìn. "Ẹni tó fẹ́ para ẹ̀ ò ní ní kí n rẹ ẹ̀wà."

"Ṣé wọ́n sọ ohun tó ń dà wọ́n láàmú fún ẹ?"

Zulfah mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ọ̀la ni ìyá òun fẹ́ lọ sí Òṣogbo lọ jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ikú aláboyún náà. Ilé ìgbẹ̀bí aládàáni kan ní Ṣẹ́kọ́nà ni obìnrin ọ̀hún kú sí. Màtírọ́ọ̀nù Ìníolúwa, igbákejì alága ẹgbẹ́, ló ni ilé ìgbẹ̀bí náà. Nọ́ọ̀sì Fawziyah, ọmọ tó ń bá a ṣiṣẹ́, ló wà nídìí aláboyún lọ́jọ́ náà. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní kí alága bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ kí orúkọ wọn má bàjẹ́. Àwọn kan ní kó fa Fawziyah lé ìgbìmọ̀ lọ́wọ́ kí ọ̀rọ̀ tán.

"Ta ni ìyá ẹ fẹ́ fà lé ìgbìmọ̀ lọ́wọ́?"

"Wọn ò sọ fún mi. Wọ́n kàn ní, 'Zulfah, ẹni tí mo máa dárúkọ lọ́la, mi ò ní lè wo ojú ẹ̀ mọ́ láyé.'"

*

Dámiláre, akọ̀wé ẹgbẹ́, ló rí òkú nígbà tó wá sípàdé lọ́sàn-án. Ọ̀dọ́kùnrin gíga kan ni, nọ́ọ̀sì lòun náà. Ó jókòó síwájú Ọ̀ṣuntóyìn, ó so ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sórí orúnkún.

"Wọ́n ní o pariwo lé Àlàájà lórí níbi ìpàdé Sátidé."

"Mo pariwo, mà."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní bí wọn ò bá lè dáàbò bo ọmọ ẹgbẹ́, kí wọ́n dìde lórí àga fún ẹni tó lè ṣe é."

"Ìwọ?"

Ojú tì í. "Àwọn kan ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ pé rárá."

Jibril fi ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ àga Ọ̀ṣuntóyìn díẹ̀, bí ẹni tó ń sọ pé, ẹ ti gbọ́.

"Ìgbà wo lo rí wọn kẹ́yìn kí wọ́n tó kú?"

"Láàárọ̀ yìí. Oorun ò kùn mí láti Sátidé, mo wá tọrọ àforíjì. Mo ra búrẹ́dì àti àkàrà gbígbóná wá fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, 'Dámiláre, o fẹ́ ba ààwẹ̀ mi jẹ́ ni? Mo ń parí mẹ́fà mi. Gbé e fún Kẹ́hìndé lẹ́nu géètì.'" Ó gbé ojú sókè. "Wọ́n ti dárí jì mí, mà. Wọ́n ní bí mo bá dé orí àga yẹn lọ́jọ́ kan, màá mọ bó ṣe máa ń rí."

Wọ́n pe Kẹ́hìndé tó ń ṣọ́ ẹnu géètì. Ó jẹ àkàrà náà, bébà tí wọ́n fi dì í ṣì wà nínú ìsọ̀ rẹ̀. Ó ní Dámiláre kò pẹ́ nínú ilé, Àlàájà fúnra rẹ̀ ló sì sìn ín jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, òun rìn lọ sídìí ẹ̀rọ amúnáwá tó bàjẹ́ lẹ́yìn ilé, òun ò mọ ẹni tó wọlé tàbí tó jáde.

*

Bí Dámiláre ṣe jáde ni ọlọ́pàá kan mú ọmọbìnrin kan tí òjò ti pa gbáà wọlé. Fawziyah ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni. Ọ̀rá dúdú kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò fẹ́ fi sílẹ̀.

Jibril ti bá obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù iwájú sọ̀rọ̀. Jibril ló kọ́kọ́ bi ọmọbìnrin náà léèrè. "Ìwọ lo ra málítì láàárọ̀ yìí."

"Èmi ni, sà. Méjì. Mo gbé e sínú fíríìjì ọ́fíìsì."

"Àlàájà fẹ́ dárúkọ ẹ ní Òṣogbo. O mọ̀?"

"Gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ lo ṣe ra málítì wá fún un. Kí lo pò mọ́ ọn?"

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún. Ọ̀rá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, èso dàbínù tú ká sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀ṣuntóyìn bẹ̀rẹ̀, ó ń bá a ṣà á.

"Ìṣínu ni, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Èmi náà ń gba ààwẹ̀. Wọ́n ní ká jọ ṣínu níbí lẹ́yìn ìpàdé, ká tó lọ sílé wọn. Málítì kan tèmi, ọ̀kan tiwọn." Ó ń fi ìbòrí nu imú. "Wọ́n ní kí n má sunkún mọ́. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé mo pè."

"O pe ta ni?"

Fawziyah wolẹ̀. "Màtírọ́ọ̀nù Ìníolúwa. Lọ́jọ́ tí obìnrin yẹn ń rọbí. Mo pè wọ́n, mo ní ẹ̀jẹ̀ ń ya, ká gbé e lọ sí ọsibítù ńlá. Wọ́n wà níbi ìgbéyàwó kan ní ìlú Ara. Wọ́n ní kí n má gbé e lọ síbì kankan, àwọn ń bọ̀. Wọn ò tètè dé. Nígbà tó kú, wọ́n ní mi ò pe àwọn rí."

"Ta ló gbọ́ ìpè yẹn?"

"Ọkọ obìnrin náà dúró tì mí, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò bi í. Àlàájà nìkan ló lọ bá a nílé."

Nígbà tí wọ́n mú un jáde, Jibril di ilẹ̀kùn. "Màdáámù, ẹnu lásán nìyẹn. Òun ló gbé málítì wá, òun náà ló nídìí láti pa á. Ọ̀gá sì ti ń pè, wọ́n ní ká mú un kó tó di pé àwọn èèyàn Ṣẹ́kọ́nà ya bo ibí."

"Jókòó, Jibril." Ọ̀ṣuntóyìn rọra ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń to nǹkan sórí tábìlì. "Ẹnì kan ti Àlàájà, tàbí ó lù ú, Àlàájà sì fi ìpàkọ́ gbá igun irin yẹn. Ẹni náà gbé e padà sórí àga, ó tún híjáábù ẹ̀ wọ̀ kí ibi tó wú má bàa hàn. Lẹ́yìn náà ó da málítì nù, ó gbé ìgò àti páálí oògùn síwájú ẹ̀, kí a lè sọ pé ó para ẹ̀. Ṣé a jọ wà níbẹ̀?"

"A wà níbẹ̀, mà."

"Bó bá jẹ́ ìwọ lo fẹ́ tan ọlọ́pàá, tí o sì mọ̀ pé ó ń gbààwẹ̀, ṣé wàá gbé ohun mímu síwájú ẹ̀ lọ́sàn-án?"

Jibril ronú. "Rárá. Ọmọ ẹ̀ máa tú mi fó lójú ẹsẹ̀."

"Dámiláre mọ̀ pé ó ń gbààwẹ̀. Fawziyah mọ̀, wọ́n tiẹ̀ fẹ́ jọ ṣínu ni. Ẹni tó gbé málítì yẹn síbẹ̀ kò mọ̀. Fawziyah sì tún ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ wọ híjáábù lójoojúmọ́, kò lè wọ̀ ọ́ fún ẹlòmíì sódì." Ó dìde, ó gbé agbòjò rẹ̀. "Ẹni tó mọ Àlàájà dáadáa là ń wá, ẹni tó mọ̀ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun kì í ṣe ọjọ́ ààwẹ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni náà ò bá a sọ̀rọ̀ láti bí ọjọ́ mélòó kan. Ta ni ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ yodì?"

Kí Jibril tó dáhùn ni fóònù dún. Dókítà Mubarakah ni, láti ọsibítù. Ọ̀ṣuntóyìn gbọ́ ohun tó sọ. Ó bi í léèrè lẹ́ẹ̀kejì, ó tún gbọ́ ohun kan náà. Kò sọ ọ́ fún Jibril. Ó kàn ní kó gbé mọ́tò.

*

Òjò ti dá nígbà tí wọ́n dé Ṣẹ́kọ́nà. Àwọn tó ń ta iṣu lẹ́bàá títì ti ń palẹ̀ mọ́. Ilé ìgbẹ̀bí náà dákẹ́ rọ́rọ́; láti ìgbà tí obìnrin yẹn ti kú, aláboyún kankan ò gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Màtírọ́ọ̀nù Ìníolúwa nìkan ló wà níbẹ̀. Obìnrin sísanra kan ni, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Ó ní kí wọ́n jókòó, ó fún wọn lómi.

"Ọ̀rẹ́ mi ni," ló wí. "A jọ kàwé, a jọ jáde. Èmi ni mo dúró tì í nígbà tó ń bí Zulfah."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ó dùn wá. Ìgbà wo lẹ rí wọn kẹ́yìn?"

Obìnrin náà wo Jibril, ó wo Ọ̀ṣuntóyìn. Bóyá ó rò pé ẹnì kan ti rí òun lẹ́nu géètì. "Lónìí náà ni. Mo yà sí ọ́fíìsì. A ti ń bínú síra wa tẹ́lẹ̀, mo ní ká parí ẹ̀."

"Ẹ sì parí ẹ̀?"

"A parí ẹ̀. A jọ jókòó, a sọ̀rọ̀. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní olórí ẹgbẹ́ ṣíṣe ti sú òun, kò sí ẹni tó ń dúpẹ́. Ọkàn mi ò gbé e pé ó máa lọ ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀."

"Àánú wọn ṣe mí. Ṣé wọ́n tiẹ̀ jẹun?"

"Kò jẹun. Málítì nìkan ló mú nínú fíríìjì. Ó mu ún lójú mi, ó ní ọ̀fun òun gbẹ."

"Tútù ni?"

"Tútù ni. Bó ṣe fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn."

Ọ̀ṣuntóyìn gbé ife omi rẹ̀ sílẹ̀. "Mà, Àlàájà ń gba ààwẹ̀ lónìí."

"Lónìí? Rárá o. Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ni..."

"Mẹ́fà ẹ̀yìn ọdún ló ń gbà. Ọmọ ẹ̀ mọ̀. Dámiláre mọ̀. Fawziyah náà mọ̀. Bí ẹ bá jókòó bá a sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ lónìí, ẹ̀yin náà ì bá mọ̀."

Ọwọ́ Màtírọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í tún etí aṣọ rẹ̀ ṣe, ó ń ká a, ó ń tú u.

"Mi ò lọ síbẹ̀ láti pa á," ló wí nígbẹ̀yìn. "Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ fún un. Mo ní bó bá dárúkọ mi ní Òṣogbo, wọ́n máa gba ìwé àṣẹ mi, wọ́n máa ti ibí pa, mo lè ṣẹ̀wọ̀n. Fawziyah kéré, ó ṣì lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ míì. Ó ní òun ò lè ṣe é. Ó ní alága Fawziyah náà ni òun, kì í ṣe alága tèmi nìkan. Ó yí ẹ̀yìn sí mi pé kí n jáde. Mo fà á, ó yíjú padà, ó já ara ẹ̀ gbà. Mo tì í."

"Ó sì ṣubú."

"Ó fi orí gbá irin. Híjáábù ẹ̀ já bọ́. Ẹ̀rù bà mí. Oògùn oorun tèmi ló wà nínú báàgì mi, láti ìgbà tí obìnrin yẹn ti kú ni mi ò ti lè sùn mọ́. Mo rò pé ó ti kú."

"Ẹ rò bẹ́ẹ̀?" Ọ̀ṣuntóyìn ò gbé ohùn sókè. "Dókítà ní orí ẹni tó bá kú lójú ẹsẹ̀ kì í wú bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ṣì ń ṣàn nínú ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọsibítù ò jìnnà sí ọ́fíìsì yẹn, ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè sáré débẹ̀. Agbẹ̀bí ni yín, mà. Iṣẹ́ yín ni láti mọ ẹni tó wà láàyè. Nígbà tí ẹ ń gbé ìgò yẹn síwájú ẹ̀, kí ló ń ṣe?"

Obìnrin náà fi aṣọ bo ojú. Ìta ti ṣú díẹ̀díẹ̀, àwọn bẹ́ẹ̀dì òfìfo to tẹ̀ lé ara wọn lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó ń mí," ló wí. "Ó ń mí. Mo gbọ́ ọ títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà."

*

Wọ́n sin Àlàájà Kúlúsúmù ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Lèmọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ ló ṣíwájú ìrun, èrò sì pọ̀ débi pé wọ́n dúró dé ojú títì. Dámiláre ò sí níbẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ní kó di ipò alága mú, òun àti Fawziyah àti ọkọ obìnrin tó kú sì ti wà lọ́nà Òṣogbo. Nígbà tí Ọ̀ṣuntóyìn rí i kó tó wọ mọ́tò, ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí wọ́n di ẹrù lé lórí tí kò sì mọ ibi tó máa sọ̀ ọ́ sí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ọ̀ṣuntóyìn yà sí agboolé Ọláníyan. Alájì Ahmad dì í lọ́wọ́ mú pẹ́, ó ń ṣàdúà fún un. Zulfah wà ní yàrá ìyá rẹ̀, lórí ẹní. Ó ti gbọ́ orúkọ ẹni tó ṣe é. Ìyá ìkókó ló máa ń pe Màtírọ́ọ̀nù láti kékeré, torí ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà á sáyé.

"Ẹ bá mi sọ òótọ́," ló wí. "Ṣé ó pẹ́ kí wọ́n tó kú?"

Ọ̀ṣuntóyìn mọ̀ pé òun lè sọ pé rárá. Kò sí ẹni tó máa dá òun lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ọmọ náà á gbọ́ ọ ní kóòtù lọ́jọ́ kan, lẹ́nu àjòjì.

"Ó pẹ́."

"Bí ẹnì kan bá gbé wọn lọ sí ọsibítù ńkọ́?"

"Dókítà ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n yè é."

Zulfah mi orí léraléra. Aṣọ funfun tó fi ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìyá rẹ̀ ti bá a lọ̀ ọ́. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa wọlé. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá òun lè padà lọ.

Ọ̀ṣuntóyìn bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì jókòó tì í lórí ẹní.